Òrí Ètè Ọjọ́ Àlàmísì

Ẹ jẹ́ kí abọ́ yẹn wà níbi tó wà. Ẹ má gbé e kúrò, ẹ má sì tún bi mí bóyá kò dùn. Ìyàwó tuntun ló sè é, ọmọ àdúgbò Gurugu níbí tí ọmọ-ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyí tí yóò gbé oúnjẹ síwájú mi. Mo rí i bó ṣe ń yọjú láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Mo tún gbọ́ ohun tó sọ sí ọkọ rẹ̀ létí. Ó ní ètè Bàbá ń dán, ó jọ pé Bàbá ti jẹ ẹran níbòmíràn kí oúnjẹ òun tó dé. Etí mi kò tíì di, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ pè é kó wá jókòó. Bí Yorùbá rẹ̀ kò bá tíì tó, kí ọkọ rẹ̀ máa túmọ̀ fún un, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kàn án.

Ẹ máa ń fẹ́ kí n sọ pé ayé àtijọ́ dára ju ti ìsinsìnyí lọ. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó kù máa ń sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì mí kanlẹ̀. Èmi kò ní mí kanlẹ̀. Nígbà ọ̀dọ́ mi, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti mú, omi Tamale a máa pọ́n bí ẹrẹ̀. Ibi tí a ti ń pọn ún náà ni ewúrẹ́ ti ń mu, tí ewúrẹ́ náà á sì máa wò wá bí ẹni pé àwa la wá yọ òun lẹ́nu. Ìyá mi á fi aṣọ sẹ́ omi náà, á gbé e kalẹ̀ kó tòrò, àwa á sì máa dúró tì í. Lónìí ẹ ń yí ẹnu ẹ̀rọ, omi ń dà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ojoojúmọ́, ẹ sì tún ń ráhùn. Ohun tó ti lọ, kó máa lọ. Ohùn díẹ̀ péré ni mo ń fẹ́ kó padà wá: ohùn àwọn ọmọ kéwú tó ń ka wàláà láàárọ̀ ní àgbàlá wa, ohùn fèrè mọ́tò akẹ́rù tó bá ti Kumasi dé, àti ohùn ladani tó ń fi ọ̀fun lásán pe ìrun, nígbà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò tíì dé. Ladani tiwa ní ikọ́. Bó bá dé àárín ìpè, á dúró wúkọ́, gbogbo àdúgbò á sì bá a dúró.

Ìlọrin ni bàbá mi ti wá. Alfa ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú nítòsí ọjà, lápá ibi tí ẹ̀ ń pè ní Aboabo lónìí. Bàbá Kékeré, àbúrò rẹ̀, bá wa gbé. Ẹni yẹn fẹ́ràn Ọlọ́run, ó sì fẹ́ràn oúnjẹ, n kò sì lè búra fún yín nípa èyí tó ṣíwájú nínú méjèèjì. Ìyá mi ní tirẹ̀ kì í pọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ̀kan, ẹ̀ẹ́ wá ibi jókòó.

Láyé ìgbà náà, ìkíni níṣẹ́ tirẹ̀. Àwa Yorùbá ní kíkí fún ohun gbogbo. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́; ẹni tó jókòó tí kò ṣe nǹkan kan, ẹ kú ìjókòó; ẹni tí òjò pa, ẹ kú òjò, bí ẹni pé òun ló rọ̀ ọ́. Dàgómbà tó ni ìlú Tamale ní tiwọn á lóṣòó, wọ́n á wolẹ̀, wọ́n á máa béèrè ilé, ọmọ, ara àti oko ní ohùn jẹ́jẹ́, ẹni tí wọ́n ń kí á sì máa dáhùn pé, “Naa. Naa. Naa.” Bàbá Kékeré ní ọgbọ́n ló wà nínú ìyẹn, nítorí ènìyàn lè máa jẹun lọ kó sì máa dáhùn. Àwa kò mọ jẹ́jẹ́. Bí bàbá mi àti àbúrò rẹ̀ bá ń kí ara wọn láàárọ̀, àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Dàgómbà a máa sáré wá làjà. Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Tiwa akọ ni.

Nínú ẹ̀sìn náà, olúkúlùkù ní ìgbéraga tirẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ bí àwọn àgbà Ìlọrin ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà náà, ẹ̀ẹ́ rò pé láti Mẹ́kà ni ẹ̀sìn ti rìn wá, tó dé Ìlọrin tó rẹ̀ ẹ́, tó jókòó síbẹ̀, tó wá ń ránṣẹ́ lásán sí àwọn ìlú yòókù. Àwọn Dàgómbà ní tiwọn máa ń sọ pé Yorùbá mọ Kùránì lóòótọ́, àmọ́ bí wọ́n bá ń fa tẹ̀sùbáà, ọjà ni wọ́n ń ṣírò. Ẹ má bínú, mo ti rí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tó wọ́pọ̀ jù láàárín wa ni kí á máa fi nǹkan pamọ́. Ẹ̀ṣẹ̀, a máa ń fi í pamọ́. Iṣẹ́ rere, a máa ń fi í pamọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mọ ọdún iná tí Dàgómbà ń pè ní Bugum, tí wọ́n ń gbé ògùṣọ̀ koríko kiri. Àwọn alfa wa ní kò sí nínú ìwé, kí ẹnikẹ́ni má lọ. Bàbá Kékeré ní òun yóò yọjú díẹ̀, kí òun lè mọ àwọn tó rú òfin nínú wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ fìlà rẹ̀ wá sídìí ẹ̀kọ, etí fìlà kan ti jó dànù. Bàbá mi wò ó, wò ó. Ó ní, “O rí wọn?” Bàbá Kékeré ní, “Mo rí wọn, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n pọ̀.” Ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀.

Ti bàbá mi ni ààwẹ̀. Ọjọ́ Àtìní àti Àlàmísì, yálà oòrùn mú tàbí ọyẹ́ bẹ́, ó ń gbààwẹ̀ nọ̀fílà tí kì í ṣe dandan, kò sì gbọ́dọ̀ hàn sí ẹnikẹ́ni. Ó ní bí ènìyàn bá ti mọ̀, ṣekárímì ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, ẹ̀san sì ti fò lọ. Gbogbo ilé ló mọ̀, gbogbo ilé ló sì ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Àṣà kan wà tí àwọn àgbà fi ń bo ààwẹ̀ mọ́lẹ̀: wọ́n á fi òrí ra ètè, kí ètè má gbẹ, kí ojú má rí bíi ti ẹni ebi ń pa. Bàbá mi a máa fi í ra ètè dáadáa. Lọ́jọ́ Àlàmísì, ètè rẹ̀ a máa dán ju ti ẹni tó jẹ odidi àgbò lọ. Bí àlejò bá dé, ìyá mi á ní, “Alfa ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni.” Bàbá mi á bá a wí tí àlejò bá lọ pé ó parọ́. Ìyá mi á dáhùn pé, “Kí n sọ òótọ́, kí ẹ̀san yín fò lọ?”

Èmi ni wọ́n ń rán lọ ra òrí náà lọ́jà. Mo ti ń ta wòròbò nígbà yẹn, abẹ́rẹ́, díńgí, òwú, ìyarun, lórí àtẹ lábẹ́ igi dógóyárò. Níwájú mi gan-an, ọmọbìnrin kan láti abúlé Kakpagyili máa ń gbé igbá òrí kalẹ̀. Sanatu ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé yìí mọ orúkọ náà. Ẹ pa ẹnu mọ́, ẹ má ba ìtàn jẹ́ fún ìyàwó tuntun. Òrí rẹ̀ funfun, ó máa ń fi ewé wé e bí ẹni tó ń wé ọmọ tuntun. Kò pẹ́ tí mo fi ń ra òrí tí bàbá mi kò rán mi, tí òun náà ń ra abẹ́rẹ́ tí kò nílò. Ó ní kò sí aṣọ nílé wọn mọ́ tí òun kò tíì rán.

Bàbá Sanatu jẹ́ ẹni ọ̀wọ̀ ní Kakpagyili, ó mọ Kùránì dénú. Bí àwa ṣe ń pe Alfa, wọ́n ń pè é ní Afa. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ náà nílé, bàbá mi ní òun kò rí ìdí tí ọmọ òun kò fi lè fẹ́ ọmọ mùsùlùmí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń gbé ẹrù wúwo kalẹ̀. Gárúbà, ará Haúsá tó ń ta ẹran lọ́jà, ni alárinà wa, nítorí ó gbọ́ èdè gbogbo wa, gbogbo wa sì ń jẹ ẹran rẹ̀. Ó lọ, ó bọ̀, ó ní wọ́n ní ká wá ní ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun àsárì, nítorí ọjọ́ ìbùkún ni. Bàbá mi ní lóòótọ́, ọjọ́ ìbùkún ni.

Ẹsẹ̀ la fi rìn dé Kakpagyili nígbà náà, oko ló wà láàárín. Ẹ̀yin ń fi alùpùpù lọ, ẹ kò tíì ní parí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ ń sọ tí ẹ ó fi dé. Bàbá mi wọ agbádá funfun, ètè ń dán. Bàbá Kékeré kò jẹ oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe ààwẹ̀ o, ó gbọ́ pé ẹtù pọ̀ ní Kakpagyili, ó ń fi àyè sílẹ̀ ni. Gárúbà ló ṣíwájú, tó ń kígbe “Gáfárà!” lẹ́nu ọ̀nà. Èmi wà lẹ́yìn pátápátá, mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀, bí àṣà ti wí.

Ìyá Sanatu kúnlẹ̀, ó gbé igbá omi fún ọkọ rẹ̀. Ẹ fetí sí ibi yìí dáadáa. Lọ́dọ̀ wọn bíi lọ́dọ̀ wa, onílé ló ń kọ́kọ́ tọ́ omi wò kó tó gbé e fún àlejò, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀. Bàbá Sanatu gba igbá náà, kò tọ́ ọ wò, ó nà án sí bàbá mi. Bàbá mi gbà á. Ó wo omi, ó wo onílé, ó dúpẹ́, ó sì gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò mu ún. Ewé kékeré kan já láti ara igi, ó bọ́ sínú omi náà, gbogbo wa sì ń wo ewé.

Oúnjẹ tẹ̀ lé e. Túwò ni, ọbẹ̀ rẹ̀ kún fún irú àti ẹtù, òórùn rẹ̀ gba àgbàlá kan. Onílé ní, “Ẹ sún mọ́ oúnjẹ.” Bàbá mi dáhùn bí a ti ń dáhùn nílé wa: “Á gba ibi ire.” Onílé tún wí, bàbá mi ní a ti yó láti ilé. Onílé kò wí lẹ́ẹ̀kẹta, kò sì fọwọ́ kan oúnjẹ náà fúnra rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé àbúrò kì í ṣíwájú ẹ̀gbọ́n tọwọ́ bọ àwo. Bàbá Kékeré wo ẹtù, ó wo bàbá mi, ó tún wo ẹtù, ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń sin òkú. Onílé fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba obì ìtọrọ tí a gbé wá. Wọ́n gbé obì àlejò jáde, bàbá mi so tirẹ̀ mọ́ etí aṣọ, onílé fi tirẹ̀ sápò. Ètè àwọn àgbà méjèèjì ń dán nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́. Mo rí i, kò sọ nǹkan kan fún mi. Àlejò lójú, kò fi ríran.

A ò tíì jìnnà sílé wọn tí bàbá mi fi dúró. Ó ní, “Ẹni tó fún mi lómi tí kò tọ́ ọ wò, kí ló wà nínú omi náà?”

Bàbá Kékeré ní, “Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ ohun tó wà nínú omi. Ohun tó wà nínú ọbẹ̀ ni mo mọ̀.”

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Gárúbà dé, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, “Hábà, Alfa, kí lẹ ṣe lọ́hùn-ún? Wọ́n ní ẹni tí kò lè mu omi àwọn kò lè fẹ́ ọmọ àwọn. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé ará Ìlọrin kò ka àwọn sí mùsùlùmí, àwọn kò kàn mọ̀ pé ó dé orí omi.”

Bàbá mi ní kó padà lọ sọ pé ẹni tí kò tọ́ omi ilé rẹ̀ wò, ọmọ rẹ̀ kò lè dáná nílé òun. Gárúbà kò jíṣẹ́ náà tán, ọlọgbọ́n ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ níbẹ̀ ti tó.

Ẹ̀yin ọmọ, ọkàn mi bàjẹ́. Ẹnìkan ní Savelugu, tó ní màlúù, ti ń fi obì ránṣẹ́ nítorí Sanatu ṣáájú wa, ó sì tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́. Mo bá ìyá mi sọ ọ́. Ìyá mi wọlé tọ bàbá mi lọ, ó ní, “Alfa, ẹ ní kí wọ́n sọ fún ọkùnrin yẹn pé ẹ gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà.”

“Kí n gbé ààwẹ̀ mi sórí àtẹ bíi wòròbò ọmọ rẹ?”

“Ṣé kí ọmọ wá pàdánù ìyàwó nítorí ẹ̀san yín?”

“Ọlọ́run tí mo gbà á fún mọ̀.”

“Ọlọ́run mọ̀. Bàbá ọmọ náà ni kò mọ̀.”

Bàbá mi dìde. Ó jáde, ó ní ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ òun jáde nílé yìí, òun kọ́ ló bí i. Èmi gan-an ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ẹ ò lè mọ bí ó ti rí, kí òtítọ́ kan ṣoṣo tó lè gbà yín wà lẹ́nu yín, kí ẹ má lè là á.

Ọyẹ́ bẹ́ lọ́dún náà bí ẹni tó ń bínú. Ètè gbogbo ayé ń ya, òrí sì ń tà. Ní ìrọ̀lẹ́ Àlàrùbá kan, mo tún lọ síwájú igbá Sanatu. Kò kọ́kọ́ fẹ́ dá mi lóhùn. Ó ń wé òrí, ó ní, “Ẹ̀yin Yorùbá, ẹ ò lè mu omi wa, ẹ sì lè fi òrí wa ra ètè. Wàláhì, ẹ yà mí lẹ́nu.”

Mo ní, “Bàbá mi ló ń rà á.”

“Mo ti ṣàkíyèsí. Bí ọ̀la bá ti jẹ́ Àtìní tàbí Àlàmísì lẹ máa ń rà á fún un.” Ó dá ọwọ́ dúró. Ó wò mí. “Bàbá tèmi náà, àárọ̀ ọjọ́ méjèèjì yẹn ló máa ń bù ú nínú igbá mi kí n tó jáde.”

Mo ní, “Kí ló ń fi ṣe?”

“Ètè ló ń fi ra. Màmá mi sì máa ń sọ fún àlejò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni.”

Mo jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Sanatu fi ọwọ́ tó kún fún òrí bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tí a rẹ́rìn-ín tán, ó ní, “Èmi kò sọ nǹkan kan nípa bàbá mi o.” Mo ní, “Èmi náà kò sọ nǹkan kan nípa tèmi.” Bẹ́ẹ̀ ni, a kò sì sọ ọ́. Òrí nìkan la sọ.

Ó sọ fún mi pé bàbá òun ti fẹ́ dá obì wa padà, kí ọ̀rọ̀ lè parí pátápátá, kí ọ̀nà lè là fún ará Savelugu. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e wá, nítorí ó ní ohun tí òun fi ọwọ́ ara òun gbà, òun kò ní fi ọwọ́ ẹlòmíràn dá a padà. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo ní, “Ṣé ó lè jẹ́ ọjọ́ Àlàmísì?” Sanatu ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀ fún òun.

Lọ́jọ́ Àlàmísì náà, bàbá Sanatu wá bàtà ẹsẹ̀ kan láti ìdájí títí tí àsárì fi kọjá. Nígbà tó yá, wọ́n rí i nínú àká ọkà. Wọ́n ní ajá ló gbé e síbẹ̀. Ajá wo ló mọ àkàbà gùn, n kò mọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè.

Oòrùn ti pọ́n kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó gbé obì náà lọ́wọ́ nínú aṣọ funfun. Bàbá mi gbà á sí orí ẹní lágbàlá, ojú rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ìkíni ni ìkíni, a kì í gba ẹrù lọ́wọ́ ènìyàn láìjẹ́ pé a kí i tán. Ìyá mi, tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ òrí fún, ti sọ fún Bàbá Kékeré pé kó kí àlejò náà dáadáa. Ẹ̀yin ọmọ, ó kí i! Ó kí i kú ìrìn, ó kí i kú oòrùn, ó kí i kú eruku. Ó béèrè ilé, ó béèrè oko, ó béèrè ọmọ, ó béèrè adìyẹ. Gárúbà tó bá a wá ń túmọ̀, òógùn bò ó. Àlejò náà ń dáhùn pé, “Naa. Naa,” ó ń wo oòrùn, bàbá mi náà ń wo oòrùn. Mi ò tíì gbọ́ ìkíni tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láyé mi. Bàbá Kékeré ń béèrè àlàáfíà àwọn ẹtù Kakpagyili lọ́wọ́ nígbà tí ladani wa wúkọ́, tó sì pe mọ̀ngàríbì.

Ìyá mi jáde. Ó gbé igbá omi kan sáàárín àwọn àgbà méjèèjì, ó kí wọn kú ìrọ̀lẹ́, ó sì yí padà wọlé bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ọwọ́ méjì ló nà sí igbá náà pọ̀. Ọwọ́ wọn kọlura ní etí igbá. Wọ́n dá ọwọ́ dúró síbẹ̀, kò sí ẹni tó lè fà á sẹ́yìn, nítorí kí ènìyàn kánjú ṣínu, sùnnà ni. Bàbá mi wo ètè ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà wo ètè bàbá mi. Ó rọra béèrè ní Haúsá pé, “Ọjọ́ yẹn ńkọ́?”

Bàbá mi ní, “Ọjọ́ yẹn náà.”

“Èmi náà.”

 Bàbá Kékeré ló kọ́kọ́ fọhùn, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n: “Ẹ̀yin àgbàlagbà méjì yìí! Ta ló wá jẹ ẹtù ọjọ́ náà?”

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. N kò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, bàbá Sanatu sì fi aṣọ obì nu ojú tirẹ̀. Bàbá mi gbé igbá, ó tọ́ omi wò lójú gbogbo wa, ó nà án sí àlejò rẹ̀, àlejò rẹ̀ sì mu ún tán. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ìrun nígbà tó yá, nítorí èyí ní kí tọ̀hún ṣíwájú gẹ́gẹ́ bí ìmáàmù, tọ̀hún ní ó di èèwọ̀. Bàbá Kékeré ló ti bàbá Sanatu síwájú. Bàbá mi kírun lẹ́yìn Dàgómbà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lójú àwọn ọmọ kéwú rẹ̀, ilé kò sì wó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín obì tí wọ́n gbé wá dá padà, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán. Ara tù mí pẹ̀sẹ̀.

Wọn kò jáwọ́ nínú òrí o. Títí tí wọ́n fi kú ni wọ́n ń fi í ra ètè. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, Àtìní kan kì í kọjá kí ọ̀kan má lọ sọ́dọ̀ ìkejì, nítorí wọ́n ní ibẹ̀ nìkan ni wọn kì í ti í fi oúnjẹ lọ àwọn kí oòrùn tó wọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ Sanatu. Ìyàwó tuntun, ìyá àgbà ọkọ rẹ nìyẹn, Ọlọ́run ti pè é sọ́dọ̀. Lọ́dún tí ìjọba ilẹ̀ yìí ní kí àwọn àlejò bíi tiwa máa padà sí ilẹ̀ wọn, tí àwọn ènìyàn wa ń di ẹrù, tí wọ́n ń sunkún, ilé àna mi ní Kakpagyili ni a gbà lọ. Àwọn ará ibẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ń wá àlejò lọ wá a níbòmíràn, ọmọ àwọn ni mí. Mo máa ń rò ó nígbà mìíràn pé, bí Bàbá Kékeré bá ti tètè kí tán lọ́jọ́ náà ńkọ́?

Lónìí, ẹni tó bá ta mọ́sálásí lọ́rẹ ẹní kan ṣoṣo, ẹ̀rọ gbohùngbohùn á kéde rẹ̀ dé Savelugu. Bàbá mi ìbá tún kú lẹ́ẹ̀kejì. Èmi náà kò fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀, mo dúpẹ́ pé ayé tí à ń fi ohun gbogbo pamọ́ bẹ́ẹ̀ ti lọ, nítorí ṣekárímì kò dára, ṣùgbọ́n kí ènìyàn fi ìwà mímọ́ rẹ̀ ba ọkàn ẹlòmíràn jẹ́, mi ò mọ ẹ̀san tó wà nínú ìyẹn.

Bàbá mi, ẹ dárí jì mí o.

Ìyàwó, gbójú sókè. Ọkọ rẹ kò ní láti túmọ̀ eléyìí. Òrí ló ń dán létè mi yìí. Àlàmísì la wà, àsúmì ni mo gbà, ààwẹ̀ bíi ti bàbá mi. Oúnjẹ rẹ ń ta sánsán láti ìgbà tí o ti gbé e dé, kò sì sí ìyà tó jẹ mí lónìí tó èyí. Lọ fi nǹkan bò ó. Bí wọ́n bá pe mọ̀ngàríbì, bu omi wá, tọ́ ọ wò lójú mi, kí o sì jókòó tì mí, kí ọwọ́ wa jọ wọ abọ́ náà.